Ibo la ó sùn sí lójú ọ̀nà Faransé? Ìfiwéra àwọn ibi ìsùn alẹ́ kan fún ẹni tó ń wakọ̀ láti Calais lọ sí gúúsù

Ẹni tó bá fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù, tó gba Calais wọ ilẹ̀ Faransé, tó sì ń lọ sí etí òkun tó wà ní gúúsù, kò lè rin ìrìn náà tán lọ́jọ́ kan láì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti àwọn tó gbé sínú ewu. Láti Calais sí Marseille nìkan ju 1,000 kìlómítà lọ, a kò sì tíì ka ọ̀nà Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títò fún àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà àti líla òkun kọjá mọ́ ọn. Dandan ni kí a sùn lójú ọ̀nà. Ohun tó kù fún wa láti yàn ni ibi tí a ó sùn sí, ọ̀rọ̀ náà sì gba àròjinlẹ̀, nítorí pé oorun alẹ́ kan tí kò dára a máa ba ọjọ́ méjì jẹ́ nínú ìsinmi tí ènìyàn ti fi ọdún kan tọ́jú owó fún.

Ìdílé mi ti rin ọ̀nà yìí nígbà mẹ́rin, àgọ́ nínú búùtù, ọmọ mẹ́ta ní ìjókòó ẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú àwọn ibi tí mo fẹ́ fi wéra yìí la ti sùn sí rí. Ní ti àwọn ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀-ilé, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ nínú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ní irú rẹ̀, ni mo gbọ́ ti ẹnu wọn.

Ọ̀nà tí mo ní lọ́kàn ni ọ̀nà márosẹ̀ A26 láti Calais, tó gba Reims dé Troyes. Lẹ́yìn náà A5 títí dé ẹ̀bá Langres, A31 tó gba ẹ̀gbẹ́ Dijon dé Beaune, A6 dé Lyon, kí A7 tó gbé wa sọ̀ kalẹ̀ sí Marseille. Troyes jìn sí Calais tó bíi 400 kìlómítà, Langres bíi 510, Beaune bíi 620, Mâcon bíi 700. Láàárín Troyes àti Mâcon ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń wá ibi ìsùn, ibẹ̀ náà ni mo gbé ọ̀rọ̀ mi kà.

Ohun tí a ó fi díwọ̀n wọn

Wákàtí tí a ó débẹ̀ ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, nítorí òun ló wúwo jù lójú tèmi. Aago Faransé fi wákàtí kan ṣíwájú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ẹni tó bá rò pé aago méjì ọ̀sán ni òun kúrò ní èbúté Dover ti pàdánù wákàtí kan kó tó kan ilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó àgọ́ Faransé, ọ́fíìsì máa ń ti ní nǹkan bí aago méje tàbí mẹ́jọ alẹ́, wọ́n sì máa ń sọ igi ìdábùú ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ọkọ̀ kankan kò sì ní wọlé tàbí jáde mọ́ títí di aago méje òwúrọ̀. Ibi tó dára tó sì lẹ́wà, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti tì kí ẹ tó débẹ̀, kò wúlò fún yín lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ tí ẹ bá yàn láti rìn wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ wákàtí yìí kan náà. Ìjọba Faransé ní ètò ìkìlọ̀ ojú pópó kan tí wọ́n ń pè ní Bison Futé, tó ti wà láti ọdún 1976, tó máa ń fi àwọ̀ ewé, ọsàn, pupa àti dúdú sọ bí ọ̀nà yóò ṣe kún tó. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ, tí àwọn tó lo ìsinmi oṣù keje ń padà bọ̀ tí àwọn ti oṣù kẹjọ sì ń lọ, A7 lè dúró gbagidi fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ má ṣe fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣírò pé ẹ ó dé ibi kankan kí aago mẹ́jọ tó lù.

Èkejì ni owó, kí a sì ka gbogbo rẹ̀ pọ̀: owó ààyè, owó iná mànàmáná, owó orí tí ìlú ń gbà lọ́wọ́ àlejò àgbàlagbà ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan (àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san án), epo tí a ó sun bí a bá yà kúrò lójú ọ̀nà, àti owó oúnjẹ tí ibi náà bá sọ di dandan fún wa. Ẹ̀kẹta ni ààbò ẹrù àti ènìyàn. Ẹ̀kẹrin ni bóyá oorun yóò wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ìkarùn-ún ni irú ohun tí ẹ ń sùn sínú rẹ̀, nítorí pé ibi tó gba ọkọ̀-ilé tọwọ́tẹsẹ̀ lè lé ẹni tó gbé àgọ́ wá.

Ibi ìsinmi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀

Oríṣi méjì ni wọ́n. Èyí tí wọ́n kọ *aire de repos* sí kò ní ju ilé ìyàgbẹ́, omi, àti tábìlì lábẹ́ igi lọ. *Aire de service* ní ilé epo, ilé oúnjẹ àti ìmọ́lẹ̀ ní gbogbo òru. Owó kankan kò sí fún dídúró níbẹ̀, ẹ kò sì ní jáde kúrò ní ọ̀nà olówó. Kò sí igi ìdábùú tí yóò tì mọ́ yín lójú. Ẹni tó dé ní aago méjì òru àti ẹni tó dé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọgbọọgba ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ pàgọ́ síbẹ̀. Inú ọkọ̀ ni ẹ ó sùn sí, lórí ìjókòó, pẹ̀lú ẹrù ní ẹsẹ̀ yín. Ní ìrìn àjò wa àkọ́kọ́, a dúró ní ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn tí aago kan òru ti lù. Tírélà kan tó gbé ẹran dídì wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ wa, ẹ̀rọ tó ń mú ẹrù rẹ̀ tutù sì ń kùn, ó ń dákẹ́, ó tún ń kùn, títí ojú fi mọ́. Gíláàsì ọkọ̀ wa kún fún ooru ẹnu ènìyàn márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè ṣí fèrèsé, nítorí pé olè máa ń fojú sí ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà òkèèrè tí ẹrù kún inú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ojú mi ń dí lórí ìdarí ọkọ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lára mi.

Ìdájọ́ mi lórí èyí le, mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò jiyàn: ẹni tó gbé ọmọ kò gbọdọ̀ fi ibẹ̀ ṣe ibùsùn. Ẹ lò ó fún ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gba awakọ̀ ní Faransé ni pé kó dúró sinmi lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì. Ẹ yà síbẹ̀, ẹ nasẹ̀, ẹ sun oorun ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì máa lọ. *Aire de repos* tó ní igi pọ̀ dára ju ilé epo lọ fún èyí, ó sì tún dùn láti jẹ ìrẹsì tí a sè láti ilé níbẹ̀.

Ibùdó àgọ́ ti ìjọba ìlú

Pátákó tí ẹ ó máa wá ni èyí tí wọ́n kọ *camping municipal* sí. Ìjọba ìlú tàbí abúlé ló ni í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè gbé àkóso rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ aládàáni. Ètò ìràwọ̀ kan sí márùn-ún tí wọ́n fi ń to ibùdó àgọ́ Faransé lẹ́sẹẹsẹ kan àwọn wọ̀nyí náà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ oníràwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni koríko tí wọ́n fi ọgbà igi pín sí ààyè-ààyè, balùwẹ̀ olómi gbígbóná, ibi ìfọwọ́ àti ibi tí a ti ń fọ abọ́, àti alákòóso kan tó mọ ìlú rẹ̀ dáadáa. Owó tí àwa ti san fún àgbàlagbà méjì, ọkọ̀ àti àgọ́ kì í sábà kọjá yúrò 15 sí 30, kí a tó fi ti iná àti ti ọmọ kún un.

Àǹfààní tó tóbi jù ni ipò tí wọ́n wà. Nítorí pé ti ìlú ni wọ́n, wọ́n sábà máa ń wà ní ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé ènìyàn dé ọjà àti ilé búrẹ́dì. Ní Langres, ibùdó Navarre wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi ìlú àtijọ́ gan-an. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ lè rìn lórí odi náà kí ẹ máa wo pápá nísàlẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ní Beaune, ẹni tó sùn sí ibùdó Les Cent Vignes lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ wo ilé ìwòsàn àtijọ́ tí Nicolas Rolin dá sílẹ̀ ní ọdún 1443, tí òrùlé rẹ̀ ní amọ̀ dídán aláwọ̀ oríṣiríṣi. Ìlú wáìnì ni Beaune, ààyè a sì máa tètè tán níbẹ̀ ní oṣù keje àti ìkẹjọ, nítorí náà ẹ tètè gba ààyè sílẹ̀, tàbí kí ẹ débẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mâcon wà ní ìsàlẹ̀, fún ẹni tó bá ní agbára láti tẹ̀ síwájú ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Kò yẹ kí n fi ìṣòro rẹ̀ pamọ́. Langres wà lórí òkè tó ga tó bíi 470 mítà ju òkun lọ, òtútù òru rẹ̀ kì í sì ṣe ohun tí ẹni tó ń ronú etí òkun ti múra sílẹ̀ fún. Ní oṣù kẹjọ, a wọ súẹ́tà lé aṣọ oorun, àbíkẹ́yìn wa sì kó sáàárín èmi àti ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ àgbègbè yẹn ní òkúta ẹfun lábẹ́ koríko. Èèkàn tínínrín tí wọ́n tà mọ́ àgọ́ wa wọlé ní ìwọ̀n ìka méjì, ó kan òkúta, ó sì tẹ̀ bí irin ìhun-irun. Ará Jámánì kan tó wà ní ààyè kejì ló yá wa ní òòlù àti ìṣó irin gígùn, mẹ́fà péré, a sì fi wọ́n kan àwọn igun tó ṣe pàtàkì. Láti ọjọ́ náà, ìṣó gígùn mẹ́wàá wà nínú àpò àgọ́ wa, mo sì ń gba gbogbo ẹni tó bá bi mí níyànjú pé kí wọ́n rà wọ́n kí wọ́n tó ra ohunkóhun mìíràn.

Ìrì náà tún wà. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò ní aago méje, omi yóò wà lára àgọ́, ẹ ó sì ká a ní tútù. Àpò ọ̀rá ńlá kan tó nípọn fún èyí nìkan yóò gba aṣọ àti ìbora yín lọ́wọ́ ọ̀rinrin. Kí ẹ sì rántí pé ẹ gbọ́dọ̀ tẹ́ àgọ́ náà sí oòrùn ní ọjọ́ kejì, kí ó má baà bu. Nínú àwọn ilé ìyàgbẹ́ kan, kò sí ìwé ìnùdí. Ihò iná mànàmáná lè jẹ́ ti ilé lásán, olójú méjì, tàbí aláwọ̀ búlúù, olójú mẹ́ta, nítorí náà ẹ mú ìsopọ̀ méjèèjì dání. Púpọ̀ nínú àwọn ibùdó wọ̀nyí kì í ṣí ní ìgbà òtútù. Láti oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá ni wọ́n sábà ń gba àlejò.

Èyí tó sì dun wá jù ni ti igi ìdábùú. Ní ọdún kejì, ìjàm̀bá ọkọ̀ kan dá ọ̀nà dúró níwájú wa, ilẹ̀ ta sí wa, ó sì jẹ́ aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú kí a tó dé ibùdó kan tí a kò pè ṣáájú. Igi pupa òun funfun ti wà nílẹ̀, iná ọ́fíìsì ti kú. A fi ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ìyàwó mi pọn èyí àbúrò, mo gbé àgọ́ lé èjìká, àwọn méjì tó kù di ìbora mú, a sì gba ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù. Alákòóso jáde wá, kò bá wa jà, ó kàn na ọwọ́ sí ààyè kan, ó sì fi ìka sí ẹnu pé kí a má ṣe jí àwọn tó ń sùn. A sùn. Ṣùgbọ́n mi ò yé ronú ọkọ̀ tó wà níta pẹ̀lú gbogbo ẹrù wa nínú rẹ̀.

Ibùdó ńlá aládàáni

Àwọn oníràwọ̀ mẹ́rin àti márùn-ún ni mo ń sọ, tí wọ́n ní adágún ìwẹ̀, ibi ìyọ̀ omi fún ọmọdé, ilé oúnjẹ àti orin lálẹ́. Wọ́n dára gan-an. Ààbò wọn pé, balùwẹ̀ wọn mọ́ tónítóní, wọ́n sì máa ń gba àlejò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹjọ, owó alẹ́ kan fún ìdílé lè kọjá yúrò 50 dáadáa, àwọn mìíràn kì í sì gba ẹni tó fẹ́ sun alẹ́ kan ṣoṣo ní àkókò yẹn.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni: aago mélòó ni a ó débẹ̀? Bí ó bá jẹ́ aago méje alẹ́ ni a ó dé, tí a ó sì jáde ní aago mẹ́jọ àárọ̀, adágún tí a sanwó rẹ̀ ti tì kí a tó tú ẹrù. Bí ẹ bá sì débẹ̀ ní ọ̀sán, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ adágún ìwẹ̀ Faransé kì í gba ọkùnrin tó wọ ṣòkòtò péńpé gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Pátá ìwẹ̀ tó fún mọ́ ara ni wọ́n fẹ́, ọmọ mi ọkùnrin sì sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ yàn án bí ẹ bá pinnu láti sun alẹ́ méjì, kí ọjọ́ àárín jẹ́ ti àwọn ọmọ. Fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, mi ò mọ ibi tó sàn jù ú lọ.

Ibi tó jẹ́ ti ọkọ̀-ilé nìkan

Ọ̀pọ̀ ìlú Faransé ní *aire de camping-car*, ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ní ẹ̀rọ omi àti ibi tí wọ́n ti ń da ẹ̀gbin ilé ìyàgbẹ́ ọkọ̀ nù. Àwọn kan jẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn mìíràn ń gba owó díẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gba ààyè ní púpọ̀ nínú wọn. Àgọ́ kò wọ ibẹ̀. Níbi tó jẹ́ ìgbọ́kọ̀sí lásán, ẹ kò gbọdọ̀ na ìbòòrùn tàbí to àga síta, nítorí pé àyè ìdúró ni wọ́n fún yín, kì í ṣe àyè ìpàgọ́.

Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn jù ni France Passion, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993. Àgbẹ̀, olóko àjàrà àti àwọn tó ń ṣe wàràkàṣì, tí wọ́n ju 2,000 lọ káàkiri Faransé, gbà kí ọkọ̀-ilé sun alẹ́ kan lórí ilẹ̀ wọn láìgba owó. Ìwé atọ́nà tí ènìyàn ń rà lọ́dọọdún ló sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ilé ìyàgbẹ́ tirẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ ra ohunkóhun, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kì í kúrò láìra oyin tàbí wàràkàṣì, àṣà tí a fi tọ́ wa dàgbà ni pé ẹni tó gbani sílé yẹ ní ìdúpẹ́. Àléébù rẹ̀ fún arìnrìn-àjò tó ń kánjú ni pé oko sábà máa ń jìnnà sí ọ̀nà márosẹ̀, ọ̀nà tóóró sì ni wọ́n ń gbà débẹ̀, èyí tó le ní òkùnkùn.

Pípàgọ́ sínú igbó

Ọ̀rọ̀ kékeré ló wà nínú èyí. Òfin gba ẹni tó fẹ́ pàgọ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀ láàyè bí onílẹ̀ bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó kà á léèwọ̀ ní etí òkun, ní àyíká àwọn ibi ìtàn tí wọ́n dáàbò bò, àti láàárín 200 mítà sí ibi tí wọ́n ti ń fa omi mímu. Olórí ìlú sì lè fi òfin tirẹ̀ kún un. Nínú ọgbà orílẹ̀-èdè bíi Mercantour àti Écrins, wọ́n gba àgọ́ kékeré láàyè láti aago méje alẹ́ sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀, fún ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ rin wákàtí kan kúrò létí ọgbà tàbí lójú ọ̀nà ọkọ̀. Ti àwọn tó ń gun òkè nìyẹn. Awakọ̀ tó rẹ̀, tó dé ìtòsí igbó Provence ní gúúsù ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iná ń jó igbó ibẹ̀, kò gbọdọ̀ dá a láṣà rárá.

Ta ni kó yan èwo?

Ìdílé tó gbé àgọ́, tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìdájí, kó yan ibùdó ìjọba ìlú ní Troyes tàbí Langres, kó má ṣe fi ojúkòkòrò lé Mâcon. Bó bá jẹ́ ọ̀sán ni ẹ la òkun, ẹ dúró sí agbègbè Reims tàbí Châlons-en-Champagne, kí ẹ fi kìlómítà tó kù sílẹ̀ di ọ̀la. Àwọn méjì tí kò gbé ọmọ, tí wọ́n lè pín ìwakọ̀ ṣe, lè tẹ̀ é dé Beaune, kí wọ́n jẹun nínú ìlú lálẹ́. Ẹni tó ní ọkọ̀-ilé tí kò sì kánjú, oko àgbẹ̀ ni mo fi lé e lọ́wọ́. Bó bá ń kánjú, *aire de camping-car* inú ìlú. Ìdílé tó lè fi ọjọ́ kan ta ìrìn àjò náà lọ́rẹ fún àwọn ọmọ, kó lọ sí ibùdó ńlá. Bí òjò bá sì ń rọ̀ láti Calais, ẹ gbàgbé àgọ́, ẹ wá ilé ìtura olówó pọ́ọ́kú nítòsí ẹnu ọ̀nà márosẹ̀. Àgọ́ tí a pa nínú òjò ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kò mú owó kankan wá sápò ẹnikẹ́ni.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn nínú àwọn ibùdó, ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí aago mẹ́fà tó lù, bí ẹ bá tilẹ̀ ti gba ààyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. *Une nuit, une tente, nous arrivons tard*: alẹ́ kan, àgọ́ kan, a ó pẹ́ kí a tó dé. Ní ìgbà mẹ́ta tí a ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ nọ́ńbà tí a ó tẹ̀ kí igi ìdábùú gòkè fún wa, wọ́n sì lẹ ìwé tó ní orúkọ wa àti nọ́ńbà ààyè wa mọ́ ojú fèrèsé ọ́fíìsì.